Títú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún àìsàn ìhùwàsí sí Yorùbá: ṣé títú u padà sí Gẹ̀ẹ́sì tó láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Ọpọlọ, Kubwa

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Mo ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ọpọlọ lọ́wọ́ ní agbègbè Abuja, ọmọ Ìgbómìnà sì ni mí. Iṣẹ́ ìwádìí tí mo fẹ́ fi parí ẹ̀kọ́ mi ni láti túmọ̀ apá kan nínú SCID-5-PD sí Yorùbá, èyí tí ó jẹ́ ti borderline personality disorder (àìsàn ìhùwàsí tí ọkàn ẹni àti àjọṣe rẹ̀ pẹ̀lú ẹlòmíràn kì í dúró sójú kan), kí n sì fi hàn pé ó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún láàrin àwọn Yorùbá tí ń gbé ìhín. Mo ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín, ìgbìmọ̀ tí ń mójú tó ẹ̀tọ́ àwọn tí a ń fi ṣe ìwádìí sì ti fọwọ́ sí i. Ibẹ̀ kọ́ ni wàhálà mi wà.

Fún ẹni tí kò bá mọ irinṣẹ́ náà, kì í ṣe ìwé ìbéèrè tí aláìsàn fúnra rẹ̀ ń fi bírò sàmì sí. Dókítà tàbí ẹni tí a ti kọ́ ni ó ń jókòó ti aláìsàn, tí ó ń bi í ní ìbéèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn àmì mẹ́sàn-án tí DSM-5, ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn mọ̀, ti ọdún 2013, kà sílẹ̀, tí ó ń ní kí ó fi àpẹẹrẹ ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, tí yóò sì wá pinnu bóyá 0 (àmì náà kò sí), 1 (ó wà díẹ̀, kò tó) tàbí 2 (ó wà) ni òun yóò kọ. Bí márùn-ún nínú mẹ́sàn-án bá gba 2, a gbà pé àìsàn náà wà. Nítorí náà, bí ìbéèrè kan ṣoṣo bá ṣìnà, ẹni tí ó ní àmì mẹ́rin lè di ẹni tí ó ní márùn-ún, orúkọ àìsàn tí kò ṣe é yóò sì wọ inú fáìlì rẹ̀.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ni Yorùbá ń wá ní Abuja tí Gẹ̀ẹ́sì àti Haúsá ti gbòde. Ẹ wá jókòó sí kílíníìkì wa ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Àwọn tí ó ti Kabba wá wà níbẹ̀, àwọn ti Ọ̀fà, ti Òmù-Àrán, ti Ìlọrin. Òǹtajà ni ọ̀pọ̀ wọn ní Nyanya àti Mararaba. Wọ́n ń fi Haúsá ná ọjà, wọ́n ń fi pijin bá ọlọ́kadà jà, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ohun tí ń dun ni lọ́kàn, èdè tí wọ́n fi ń sunkún láti kékeré ni wọ́n máa ń padà sí.

Ẹni méjì ni ó túmọ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, dókítà kan àti olùkọ́ èdè kan. A jọ jókòó, a pa méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan, a sì gbé e fún ẹnì kẹta tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì rí pé kí ó tú u padà. Nígbà tí a gbé Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìyàtọ̀. Inú ọ̀gá mi dùn, ó ní kí n má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mọ́.

Mo wá mú ènìyàn mẹ́wàá láti fi tọ́ ọ wò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àmì keje nìkan, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì pè ní emptiness. A ti kọ ọ́ báyìí: "Ǹjẹ́ ó máa ń ṣe yín bíi pé inú yín ṣófo?" Ìyá kan tí ó ń ta èlùbọ́ wò mí títí, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní, "Dókítà, mo ti mu ògì, mo sì ti jẹ àkàrà kí n tó kúrò nílé." Mo kọ 0. Obìnrin tí ó tẹ̀lé e, omi ti bọ́ lójú rẹ̀ kí n tó parí ìbéèrè. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti di ọdún méje tí inú òun ti ṣófo. Bírò mi ti wà lórí 2. Ọlọ́run ló yọ mí tí mo ní kí ó ṣàlàyé díẹ̀ sí i: ọdún méje ni ó ti wà nílé ọkọ tí kò tíì lóyún.

Èyí tí ó bá mi lẹ́rù jù ni ti àmì kẹta. Mo bi bàbá kan, ọmọ Ìlọrin, pé ṣé ó máa ń ṣòro fún un láti mọ ẹni tí ó jẹ́. Ojú rẹ̀ le. Ó dárúkọ agbo ilé bàbá rẹ̀, ó dárúkọ ti ìyá rẹ̀, ó wá bi mí bóyá ẹnìkan ti wá sọ fún mi pé ọmọ àlè ni òun.

Síbẹ̀, wọ́n ní kí a máa bá iṣẹ́ lọ. Èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi kan jọ jókòó pẹ̀lú àádọ́ta ènìyàn tí ó wá gba ìtọ́jú lásán, èmi ń béèrè, àwa méjèèjì ń kọ máàkì sínú ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú 50, a fohùn ṣọ̀kan lórí 47, ṣùgbọ́n kappa, òǹkà tí a fi ń wọn ìfohùnṣọ̀kan, tí kọ̀ǹpútà gbé jáde kò ju 0.54 lọ. Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Àkọ́kọ́, ṣé mo lè yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà nígbà tí títú padà ti jáde dáadáa, tàbí n óò ti ba irinṣẹ́ olówó iyebíye jẹ́ nìyẹn? Èkejì, báwo ni 47 nínú 50 ṣe lè di 0.54?

Olùkọ́ Èdè, Kaduna

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí yín kò lè ya ẹni tí ó ń fi ìtumọ̀ jẹun lẹ́nu. Títú padà kì í wọn ohun tí olùdáhùn gbọ́. Bóyá ẹni tí ó gbọ́ èdè méjèèjì lè rí Gẹ̀ẹ́sì tí ó fara pamọ́ sábẹ́ Yorùbá yín ni ó ń wọ̀n. Ẹnì kẹta yín kàwé. Bí ó ti rí "inú yín ṣófo" nínú ìwé àwọn dókítà ọpọlọ ni ó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá, ó sì dá a padà síbẹ̀. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kò ní Gẹ̀ẹ́sì kankan nísàlẹ̀ tí yóò yọjú wò. Mo tilẹ̀ lè sọ pé bí Yorùbá ìtumọ̀ kan bá ṣe gan pọ̀ tó ni títú u padà ṣe máa ń rọrùn tó, nítorí pé orí Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jókòó lé. Èyí tí a bá sọ bí ọmọ Yorùbá ṣe ń sọ ọ́ ni yóò padà dé pẹ̀lú aṣọ mìíràn lọ́rùn, tí wọn yóò sì ní olùtumọ̀ kò mọ iṣẹ́.

Nítorí náà, ẹ yí i padà. Ohun tí ẹ jẹ ẹni tí ó ni irinṣẹ́ ní gbèsè ni ìtumọ̀ àmì náà. Ètò ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe gbèsè. Ẹ kàn rí i pé ẹ kọ ìdí ìyípadà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹ sì fi han àwọn tí ó fún yín ní àṣẹ.

Ní ti òfìfo, "inú" ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Inú ni oúnjẹ ń wọ̀, inú ni oyún ń gbé, inú náà ni ìbínú àti ìdùnnú wà. Bí ẹ bá ní ó ṣófo, olúkúlùkù yóò lọ wo yàrá tí ó ń dùn ún. Ẹ gbọ́ bí àwọn tí ó ní in ṣe máa ń sọ ọ́ fúnra wọn: "Mo kàn wà ṣáá ni." "Kò sí adùn, kò sí ìkorò, mo kàn ń mí ni." Mo rò pé ibẹ̀ ni kí ẹ gbé ìbéèrè yín gbà, kí ẹ sì ṣọ́ra fún "ayé sú mi", nítorí pé ìyẹn ti wọ ilé ìbànújẹ́ àti ti ẹni tí ó ń wá ikú, àmì mìíràn nìyẹn.

Ẹ tún wo "ẹ" tí ẹ ń lò káàkiri. Ó tọ́, ẹ kò lè máa pe ìyá ènìyàn ní "ìwọ". Ṣùgbọ́n "ẹ" kan náà ni a fi ń bá ẹni púpọ̀ sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá bi obìnrin kan pé "Ṣé ẹ máa ń bínú débi pé ẹ óò máa ju nǹkan?", ó lè dá yín lóhùn fún odindi ilé: "Rárá o, àwa kì í jà nílé wa." Òun nìkan ni ẹ ń bi, ọkọ àti orogún rẹ̀ ni ó bá a dáhùn. "Ẹ̀yin fúnra yín" níbẹ̀rẹ̀ apá kọ̀ọ̀kan yóò dín in kù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní dùn létí bí a bá ń tún un wí ní gbogbo ìgbà.

"Kọ̀ sílẹ̀" náà wà níbẹ̀, mo fẹ́ fi ọrùn mi dán an wò pé òun ni ẹ lò fún àmì kìíní, ti ẹ̀rù pé wọn yóò fi ni sílẹ̀. Létí ẹni tí ó wà nílé ọkọ, ìkọ̀sílẹ̀ kóòtù ni. Ẹ̀rù kí ọkọ má kọ òun sílẹ̀ kì í ṣe àìsàn lára obìnrin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé orogún wọlé bá. "Kí ẹni tí ẹ fẹ́ràn já yín jù sílẹ̀" tàbí "kí ó fi yín sílẹ̀ lọ" gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó kan ọ̀rẹ́, ó kan òbí, ó kan pásítọ̀ pẹ̀lú.

Bàbá Ìlọrin yẹn, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. "Ẹni tí o jẹ́" ní èdè wa, ọmọ ẹni tí o jẹ́ ni. Ẹ fi ohun tí ènìyàn ń ṣe béèrè: ṣé lónìí ni ó dá a lójú pé òwò ni òun wá sáyé wá ṣe, tí yóò sì di ọ̀la kí ó kó ọjà tà ní ọ̀pọ̀ kí ó lọ di ajíhìnrere, tí yóò tún di ọ̀tunla kí ó yí ọ̀rẹ́ àti ìmúra rẹ̀ padà, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ èyí tí ó jẹ́ tòun gan-an nínú gbogbo rẹ̀?

Ohun kan kù. Yorùbá inú ìwé ni ẹ kọ. Ọmọ mi kejì, Kaduna ni a bí i sí, ó gbọ́ Yorùbá, ó sì ń sọ ọ́ pẹ̀lú Haúsá nínú. Nígbà kan tí mo ń ka nǹkan kan tí mo túmọ̀ sétígbọ̀ọ́ rẹ̀, tí mo dé ibi "ìmọ̀lára", ó bi mí pé ṣé ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tí àwa olùkọ́ ń lò fún ara wa ni. N kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlẹ́ja rí. Ẹ wá ẹnìkan láti Kabba tàbí Yàgbà, ẹnìkan láti Ìlọrin, àti ọ̀dọ́ kan tí a bí sí Àríwá, kí ẹ ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sí wọn létí, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu tiwọn sọ ohun tí ẹ béèrè. Ẹ má bi wọ́n bóyá ó yé wọn. Gbogbo wa ni a máa ń ní ó yé wa.

Àgbà Kílíníìkì, Jos

Olùkọ́ ti bá wa sọ ti èdè, n kò ní àfikún sí i. Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí 0.54.

Kappa, tí Jacob Cohen gbé jáde ní ọdún 1960, máa ń yọ ìfohùnṣọ̀kan tí ì bá ti wáyé fúnra rẹ̀ kúrò kí ó tó fún yín ní máàkì. Ó ní láti jẹ́ pé láàrin 50 yín, àwọn tí ẹ̀yin méjèèjì sọ pé wọ́n ní àìsàn náà kò ju méjì lọ, tí 45 kò sì ní in, tí ẹ sì yapa lórí mẹ́ta. Bí ẹ bá tilẹ̀ di ojú tí ẹ ń kọ "kò ní in" fún gbogbo ènìyàn, ẹ óò fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bára mu, ìdí nìyẹn tí ìṣirò fi ka èyí tí ó pọ̀ jù nínú 47 yín sí ohun tí kò ná yín ní nǹkan kan. Ká ní àárín àwọn tí a ti mọ̀ pé ìdajì wọn ní àìsàn náà ni ẹ ti ṣe é, bíi 24 tí ẹ jọ sọ pé wọ́n ní in, 23 tí kò ní in, àti àríyànjiyàn mẹ́ta kan náà, kappa yín ì bá di 0.88. Ọwọ́ kan náà, ojú kan náà, àríyànjiyàn mẹ́ta kan náà. Nítorí náà, ẹ má sọkún nítorí 0.54, ẹ má sì yọ̀ bí ó bá di 0.88 ní ọ̀la. Ẹ kọ iye mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìwé yín, ti ibi tí ẹ ti jọ sọ pé ó wà, ti ibi tí ẹ ti jọ sọ pé kò sí, àti ti ibi méjì tí ẹ ti yapa, kí ònkàwé fúnra rẹ̀ wò ó.

Ohun tí ó bí mi nínú díẹ̀ jù ìyẹn lọ ni pé ẹ̀yin méjèèjì jókòó pọ̀. Ẹnu kan náà ni ẹ gbọ́, ìdáhùn kan náà ni ẹ kọ máàkì fún. Bí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ bá ní òun ti jẹ àkàrà, ẹ̀yin méjèèjì yóò kọ 0, ẹ óò sì fohùn ṣọ̀kan pátápátá lórí ìbéèrè tí kò dé ibi tí ó ń lọ. Kí ẹnìkan ṣe é lónìí, kí ẹlòmíràn tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì láì rí ìwé ti àkọ́kọ́. Máàkì yóò wálẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni yóò jẹ́.

Bí a bá sì ti fi ìyẹn sílẹ̀, a kò tíì dé orí bóyá ohun tí irinṣẹ́ yín ń mú ni àìsàn náà. Kí ni ẹ óò fi díwọ̀n rẹ̀? Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ìhùwàsí. Robert Spitzer, ọ̀kan náà nínú àwọn tí orúkọ wọn wà lára SCID, dá ìlànà kan tí ó pè ní LEAD ní ọdún 1983: kí àwọn ògbóǹtarìgì kan máa wo aláìsàn náà fún ìgbà pípẹ́, kí wọ́n gbọ́ tẹbí, kí wọ́n ka fáìlì rẹ̀ àtijọ́, kí wọ́n jọ jókòó, kí wọ́n sì pinnu, láì jẹ́ pé wọ́n mọ ohun tí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yín sọ. Ìpinnu wọn ni kí ẹ fi tiyín wé. Ìkìlọ̀ kan tí n kò rí kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ṣe ni pé èdè wo ni ìgbìmọ̀ yẹn yóò máa bá aláìsàn sọ? Bí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, tí ẹ̀yin ń sọ Yorùbá, ìyàtọ̀ tí ẹ bá rí lè jẹ́ ti èdè, kí ó má jẹ́ ti irinṣẹ́.

Títú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ìṣègùn ọpọlọ sí Yorùbá kì í ṣe ohun tuntun, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín. Ìbàdàn wà lára ibùdó mẹ́sàn-án tí Àjọ Ìlera Àgbáyé lò fún ìwádìí schizophrenia (àìsàn ọpọlọ tí ènìyàn fi lè máa gbọ́ ohùn tí kò sí) tí ó bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, wọ́n sì lo PSE, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan tí a fi ń yẹ ipò ọpọlọ wò, níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé CIDI, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mìíràn fún àìsàn ọpọlọ, lọ bá àwọn ará ilé ní Yorùbá. Ṣùgbọ́n àìsàn tí ó ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìyẹn ń wá. "Láti ìgbà wo ni ẹ kò ti rí oorun sùn?" Ènìyàn lè dáhùn. Tiyín ń bi ènìyàn nípa bí ó ti ṣe rí láti ìgbà èwe, ẹja ni ẹ sì ń bi léèrè omi. Nígbà tí Loranger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán IPDE, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún àìsàn ìhùwàsí bíi tiyín, wò, tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ ní ọdún 1994, ènìyàn 716 ní ibùdó 14 ní orílẹ̀-èdè 11 ni wọ́n lò, Kẹ́ńyà nìkan ni ó sì ti Áfíríkà wá. Ìlànà wọn ni pé kí ìwà náà ti wà fún ọdún márùn-ún ó kéré tán, kí ọ̀kan nínú àwọn àmì rẹ̀ sì ti hàn kí ènìyàn tó pé ọdún 25. Ní Abuja lọ́dọ̀ yín, ta ni yóò jẹ́rìí sí ìyẹn? Ìyàwó tí ó fẹ́ ẹ ní ọdún méjì sẹ́yìn kò mọ ohun tí ó ń ṣe ní Òmù-Àrán nígbà tí ó wà ní ọmọ ogún ọdún. Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá gbà, kí ẹ pè é.

Ẹ tún rántí pé DSM fúnra rẹ̀ sọ pé ìwà náà gbọ́dọ̀ yàtọ̀ gedegbe sí ohun tí àṣà ẹni náà ń retí. Àmì kẹsàn-án ní apá kan nínú rẹ̀ tí ó kan ìfura nígbà tí nǹkan bá le. Ẹ bi ẹni mẹ́wàá ní àárín wa bóyá àwọn kan wà tí kò fẹ́ ire wọn, mẹ́sàn-án yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn óò sì dárúkọ orí òkè tí wọ́n ń lọ gbàdúrà sí nítorí rẹ̀. Ìfura tí ó ń dé wẹ́rẹ́ lẹ́yìn ìjà, tí ó sì ń lọ bí ìjà bá parí, tí àwọn tí ó ń bá a jọ́sìn pàápàá rí pé ó ti kọjá àlà, òun ni ẹ ń wá. Ti ìnákúnàá nínú àmì kẹrin kò yàtọ̀. Ẹni tí ó yá owó ra aṣọ ẹbí mẹ́ta lóṣù kan, ẹ kọ́kọ́ wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó kọ 2. Mo mọ àwọn dókítà tí ó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Ọpọlọ, Kubwa

Ẹ ṣeun gan-an. Iye tí àgbà sọ bá ohun tí ó wà nínú ìwé mi mu wẹ́kú, méjì, 45, mẹ́ta. Olùkọ́ náà kò sì purọ́, "kọ̀ sílẹ̀" ni mo lò.

Mo ti bi ènìyàn mẹ́fà ní ìbéèrè òfìfo tuntun: "Ṣé ìgbà wà tí ó máa ń ṣe ẹ̀yin fúnra yín bíi pé ẹ kàn wà ṣáá ni, tí kò sí ohun tí ó dùn, tí kò sì sí ohun tí ó dunni?" Ẹni márùn-ún sọ ọ́ padà fún mi bí mo ṣe fẹ́. Ẹnì kẹfà, ọmọ Kabba, ní ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá jí ní ọ̀sán tí kò mọ ọjọ́ tí ó jẹ́, mo sì rò pé tirẹ̀ dára ju tèmi lọ. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi. Ó ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ wá, kò tíì ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ohun tí ó ń dà mí láàmú báyìí ni pé bí mo bá dé orí àmì karùn-ún, ti ṣíṣe ara ẹni léṣe àti gbígbìyànjú láti pa ara ẹni, gbogbo ènìyàn ni ó ń ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" tàbí "Mo kọ̀ ọ́ lórúkọ Jésù." Mo ti ń kọ 0 fún gbogbo wọn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Gwagwalada

Dókítà, ẹ dákun, ẹ dá àwọn 0 yẹn dúró ná. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" kì í ṣe rárá. Àdúrà ni. Ẹni tí ó ti ṣe é rí ń gbà á, ẹni tí kò ṣe é rí náà ń gbà á, nítorí pé ẹ ti dárúkọ ohun tí kò yẹ kí ènìyàn dárúkọ láàárọ̀ kùtù. Ẹ ṣe àmín sí i, ẹ jẹ́ kí ó balẹ̀, kí ẹ tó padà sórí ọ̀rọ̀. Bí ó bá sì kọ̀ láti dáhùn, ẹ kọ pé kò dáhùn. Àìdáhùn àti àìsí kì í ṣe nǹkan kan náà, mo sì mọ̀ pé àyè wà fún ìyẹn nínú ìwé yín.

Ẹ̀rù mìíràn tún wà tí ẹ̀yin dókítà kì í fi bẹ́ẹ̀ rò. Lábẹ́ Penal Code tí a fi ń dájọ́ ní Àríwá àti ní Abuja, ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ka gbígbìyànjú láti pa ara ẹni sí láti ọjọ́ pípẹ́, abala 231 ni. Òfin Ìlera Ọpọlọ tuntun, tí Ààrẹ ìgbà náà fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023, dá ẹ̀tọ́ aláìsàn mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ìyá ọlọ́jà gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò ni pé ọlọ́pàá ń mú ènìyàn nítorí rẹ̀. Ó rí yín pẹ̀lú bírò àti ìwé, ó rí orúkọ rẹ̀ lókè ìwé náà. Ẹ sọ fún un kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ibi tí ìwé yẹn ń lọ àti ibi tí kò ní dé, ẹ sì fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ lójú rẹ̀.

Mo ti bá ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí ṣiṣẹ́ rí níbòmíràn, ní gbọ̀ngàn níbi tí kọ́tìnì nìkan ṣoṣo wà láàrin aláìsàn kan àti èkejì. Ọmọbìnrin kan wà tí ó ń ní rárá, rárá, rárá sí gbogbo ìbéèrè. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó mú un wá, ó sì wà lẹ́yìn kọ́tìnì, a ń rí bàtà rẹ̀. Nígbà tí mo ní kí ó tẹ̀ lé mi wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru nínú yàrá kejì ni ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Kò sọ nǹkan kan. Àwọn àpá náà wà nílẹ̀, àtijọ́ àti tuntun. Nínú ìwé olùwádìí, 0 ni wọ́n ti kọ.

Bí mo ṣe máa ń béèrè ni pé n kì í dárúkọ ohun náà lákọ̀ọ́kọ́. Mo máa ń ní, "Nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn dé góńgó lóru ọjọ́ yẹn, tí kò sí ẹni tí ó dá yín lóhùn, kí ni ẹ̀yin fúnra yín ṣe?" Lẹ́yìn ìyẹn ni n óò wá bi í tààrà, nítorí pé ìbéèrè tààrà kò ṣeé fò. Ẹ sì ti gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹ óò ṣe bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni: ta ni yóò rí i ní ọjọ́ náà gan-an, nọ́ńbà ta ni yóò mú lọ sílé. Bí kò bá sí ìyẹn, ẹ má béèrè.

Ohun kan tí kò tó nǹkan: ẹ má kọ "àìsàn ìhùwàsí" sí iwájú ìwé tí wọ́n ń buwọ́ lù. Àwọn ẹbí ń kà á. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ìwà ọmọ òun ni ó ń ṣàìsàn, ohun tí ó gbọ́ ni pé ọmọ òun kò níwà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín.

Olùkọ́ Èdè, Kaduna

Nọ́ọ̀sì ti sọ èyí tí mo gbàgbé. Ẹ fi "bí ènìyàn ṣe máa ń ṣe pẹ̀lú ara rẹ̀ àti pẹ̀lú ẹlòmíràn" síwájú ìwé náà. Ó gùn, ṣùgbọ́n kò bú ẹnikẹ́ni. Mo sì fẹ́ lo ti ọmọ Kabba yẹn, jíjí ní ọ̀sán láì mọ ọjọ́ tí ó jẹ́. Ẹ bi í bóyá ó gbà kí a fi sínú ìbéèrè.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Ọpọlọ, Kubwa

Mo pè é ní àná. Ó gbà, ó sì rẹ́rìn-ín. Mo ti pa àwọn 0 orí àmì karùn-ún rẹ́, mo kọ pé wọn kò dáhùn. Èyí túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ènìyàn 50 yẹn kò ṣeé kà mọ́, n óò tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. A ti rí yàrá kan tí ó ní ilẹ̀kùn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ń bọ̀ ni a óò bẹ̀rẹ̀, ẹlẹgbẹ́ mi yóò sì tún tirẹ̀ ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá láì rí ìwé mi.